Aránmátú àti Òjé Tó Há Sábẹ́ Òkúta

Ìwọ̀ mẹ́ta, òjé mẹ́ta àti okùn ọ̀rá tó gùn ju ilé alájà méjì lọ: ohun tí òkun gbà lọ́wọ́ Aránmátú nìyẹn láàárọ̀ àkọ́kọ́ tó lọ pẹja. Kò fún un ní ẹja kankan ṣe pààrọ̀. Ọkùnrin náà dúró sórí òkúta, ó ń wo omi bí ẹni tí wọ́n já báàgì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pẹja létí omi yẹn, ohun tí mo sì mọ̀ ni pé kì í ṣe àìríẹja ló ń lé ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ náà kúrò níbẹ̀. Òkúta ni. Ẹja tí kò wá kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni. Àmọ́ ìwọ̀ tó bá há sábẹ́ òkúta, ó lọ nìyẹn, tòun ti òjé tó wọ́ ọ lọ sísàlẹ̀ àti okùn tó so wọ́n pọ̀. Ẹni tó yó lè fi ìyẹn ṣeré. Ẹni tí ìkòkò rẹ̀ ti gbẹ, ìwọ̀ tó sọ nù lónìí, oúnjẹ ọ̀la ló sọ nù.

Télọ̀ ni ọkùnrin yìí. Yàrá tó wà lókè tèmi lòun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, pẹ̀lú ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí lẹ́yìn tí wọ́n ti wọ̀nà títí. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni gbogbo ilé ń pe ọmọ náà. Baba rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Aránmátú, torí pé ohun tó bá rán kì í tú. Aṣọ á gbó, á ṣá, á ya lẹ́yìn, á ya lápá, ojú ibi tó rán á ṣì wà gbọningbọnin. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán yunifọ́ọ̀mù, ibi tí àwọn yòókù bá fi òwú ẹyọ kan rán, òun á fi méjì rán an. Ọ̀gá wọn ní ó ń fi òwú ṣòfò. Òun náà á ní, "Ọ̀gá, èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó tú, ẹ gbé e fún ẹlòmíràn."

Ní ọjọ́ kan àwọn òṣìṣẹ́ débẹ̀, wọ́n bá àgádágodo lẹ́nu géètì, ilé iṣẹ́ ti kógbá wọlé. Ẹ̀rọ kò sí nílé Aránmátú, ti ilé iṣẹ́ ló ń lò. Ó lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn ní iṣẹ́ ò tó àwọn gan-an. Èmi tí mò ń gbé ìsàlẹ̀ wọn, mo máa ń gbọ́ ìró ṣíbí wọn nínú àwo lálaalẹ́. Nígbà tó yá, n kò gbọ́ ọ mọ́. Ohun tí mò ń gbọ́ ni ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, tó ń lọ, tó ń bọ̀.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ wá kí wọn. Bàtà lobìnrin náà ń tà ní ìlú mìíràn. Ó lówó díẹ̀, kò bímọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í ní ìrọ̀rí lábẹ́. Ó fi ìka méjì di ọrùn ọwọ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mú bí ẹni ń wọn ẹsẹ̀ oníbàárà, ó sì wo baba ọmọ.

"Àna wa, ẹ má bínú o. Ṣé ọmọ lẹ̀ ń tọ́ ni àbí ọwọ̀ lẹ fẹ́ ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan á dáa."

"Nígbà wo? Ẹ dá a kí n gbọ́." Kò dúró de ìdáhùn. "Sátidé tó ń bọ̀ ni màá tún gba ibí kọjá. Bí ilé yìí bá ṣì rí báyìí, ọmọ ń bá mi lọ. Á jẹun, á lọ sílé ìwé. Ẹ̀yin méjèèjì lè máa wá wò ó nígbà ọdún."

Ìyàwó Aránmátú kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn ló dun ọkùnrin náà jù. Nígbà tí àlejò lọ, mo gbọ́ ọ lókè tó ń bi í pé kí ló dé tó dákẹ́.

"Kí lẹ fẹ́ kí n sọ?" lobìnrin náà dáhùn. "Ṣé kí n ní ọmọ ń yó ni?"

Ni Aránmátú bá gbé áyọ́ọ̀nù tó fi ń lọ aṣọ, ohun tó kù fún un nínú iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí sísọ́ọ̀sì, ó lọ fi ṣe pààrọ̀ ìwọ̀ mẹ́fà, òjé mẹ́fà àti okùn ọ̀rá tí wọ́n wé mọ́ ike omi. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun. Ó dé etí òkun, ó fi gbogbo agbára jù ú síbi tó wù ú. Ìdajì ẹrù rẹ̀ ti lọ kí oòrùn tó mú.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Ọ̀gá Òkúta, torí pé orí òkúta tó ga jù ló máa ń jókòó sí, ẹnu rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fẹ́ẹ̀ ṣubú.

"Aránmátú! Àwọn ẹja abẹ́ ọ̀hún ti ń fi ìwọ̀ rẹ ṣe yẹtí. Ṣé ìgbéyàwó wọn lo wá bá wọn ṣe ni?"

Aránmátú tọ̀ mí wá, ètè rẹ̀ gbẹ. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi. Ọmọ mi ni wọ́n fẹ́ gbà."

Mo ní kó palẹ̀ mọ́, kó padà wá lọ́jọ́ kejì, kó má sì mú ìjẹ kankan wá.

Lọ́jọ́ kejì n kò jẹ́ kó ju nǹkan kan. A jókòó títí omi fi fà sẹ́yìn. Nígbà tí ó fà tán, gbogbo ohun tó bò mọ́lẹ̀ yọ síta: òkúta ẹlẹ́nu mímú, àpáta tí ìkarawun bò, kọnkéré àtijọ́ tí irin ṣì yọ lára rẹ̀.

"Wò ó dáadáa," mo ní. "Ilé tí ò ń sọ òkò sí lánàá nìyẹn. Níbo ni ilẹ̀ ti mọ́ níbẹ̀?"

Ojú télọ̀ ni ojú rẹ̀. Ó wò ó bí ẹni tó tẹ́ aṣọ sílẹ̀ tó fẹ́ gé e. "Àárín àwọn méjì yẹn. Iyanrìn ni. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì lọ tààrà."

"Ibẹ̀ ni wàá máa jù ú sí. Dúró síbi tí òpó iná yẹn àti irin tó ṣẹ́ lókè bèbè yẹn ti tò léra wọn lójú rẹ. Bí omi bá bo gbogbo rẹ̀ padà, àwọn méjì yẹn ò ní bò."

Nínú pàlàpálá òkúta kan, a rí ọ̀kan nínú àwọn ìwọ̀ rẹ̀ tó ń dán. Ó fi ẹsẹ̀ lásán sọ̀ kalẹ̀, ìkarawun gé e lẹ́sẹ̀, kò tilẹ̀ wo ẹ̀jẹ̀ náà. Ó mú ìwọ̀ yẹn bọ̀, ó dì í mọ́wọ́ bí ẹni tó rí ọmọ tó sọ nù.

Mo sọ àwọn yòókù fún un bí mo ṣe mọ̀ wọ́n. Òjé kì í ṣe dandan. Nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà tí mẹkáníìkì kó dànù ń ṣiṣẹ́ kan náà, bó bá sì sọ nù, ìpẹtà lásán ló sọ nù. Bí nọ́ọ̀tì bá ti kanlẹ̀, kó fa okùn kó nà, torí okùn tó dẹ̀ ló máa ń wọ́ kiri títí á fi rí òkúta tó máa gbá mú. Bó bá fẹ́ fà á wọlé, kó má fà á ní pẹ̀lẹ́. Kíá ni, kí nǹkan náà fò kọjá lórí àpáta.

"Bó bá wá há ńkọ́?"

"Ìlẹ̀kùn tó há, ṣé wàá fi orí kàn án ni? Má fà á síwájú ara rẹ. Dẹ okùn, jẹ́ kí ìgbì gbé e. Bí kò bá gbé e, rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, fà á gba ibi tó gbà wọlé."

Ó kọ́ gbogbo rẹ̀ kíákíá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta ó pa ẹja kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ló jẹ ẹ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ mu omi tí wọ́n fi sè é. Àmọ́ òkúta ṣì gba ìwọ̀ méjì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé bí nọ́ọ̀tì bá há, gbogbo rẹ̀ pátápátá ló ń bá a lọ. Mo gba okùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo wò ó.

Òwú ìlọ́po méjì ló fi so nọ́ọ̀tì. Ó ti fi àbẹ́là pa á, ó ta á ní kókó mẹ́rin, ó tún fi abẹ́rẹ́ gún òwú kọjá láàárín kókó. Mo gbìyànjú kí n já a. Ó fẹ́ẹ̀ gé mi níka.

"Ta ló ní kó o so ó báyìí?"

"Kò lè tú láéláé, Bàbá." Ó tiẹ̀ ń yangàn.

"Ohun tó ń pa ọ́ nìyẹn! Nọ́ọ̀tì ló máa ń kọ́kọ́ há. Òwú tó kù díẹ̀ kó já ni wàá fi so òun. Bó bá há, òwú á já, nọ́ọ̀tì á dúró sísàlẹ̀, ìwọ̀ àti okùn á padà wá bá ọ. Bí ẹja bá sì wà lẹ́nu ìwọ̀, ẹja náà á wá."

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó lọ jalè. "Kí n mọ̀ọ́mọ̀ so ohun tó máa tú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bàbá, ìyẹn ni àwọn tó ń rán ìránkúràn ń ṣe. Mi ò ṣe irú ẹ̀ rí láyé mi."

Ọ̀gá Òkúta kígbe látòkè pé, "Ẹ fi sílẹ̀! Ó fẹ́ rán òkun mọ́ òkúta ni!"

Mo ti sọ tèmi, ọjọ́ sì ń lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ìwọ̀ méjì péré ló kù fún un. Ó fi ọ̀kan sínú àpò, ó ju ọ̀kan sómi. Omi gbé ẹja ńlá kan wá. Mo rí i bí okùn ṣe le gan-an, tó ń gé omi lọ sápá òsì. Ó di ike mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń fà á bọ̀, ẹyin ojú rẹ̀ fẹ́ yọ. Ẹja náà ti dé ibi tí a ti lè rí funfun ikùn rẹ̀. Lójijì gbogbo rẹ̀ dúró gbagidi. Nọ́ọ̀tì ti há.

"Dẹ̀ ẹ́!" mo kígbe. Ó dẹ̀ ẹ́. Ìgbì kò gbé e. Ó rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fà á. Kò mira. Ẹja ń jà lọ́tùn-ún, lósì, nọ́ọ̀tì dì í mú níbẹ̀, ìdè Aránmátú kò sì tú. Ọkùnrin náà fi gbogbo ara fà á. Ohun tó já ni okùn ọ̀rá, létí ọwọ́ rẹ̀ gan-an. Ẹja lọ, ìwọ̀ lọ, okùn lọ. Ike òfìfo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó gbé ike sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó rìn sí bèbè òkúta, ó sì tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ẹja náà fúnra rẹ̀. Omi ibẹ̀ jìn ju ènìyàn méjì lọ, kò sì mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ni ọwọ́ mi bà. Mo fi gbogbo egungun àgbà mi fà á sẹ́yìn. Òun ló rán ẹ̀wù náà, kò sì ya.

Àwa méjèèjì ṣubú sórí òkúta. Ọ̀gá Òkúta ti sọ̀ kalẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́," ló ń wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́," n kò sì mọ ẹni tó ń bẹ̀.

"Ọ̀la ni, Bàbá," Aránmátú sọ, kò gbé orí sókè. "Ọ̀la ni obìnrin yẹn ń bọ̀."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo gbé okùn tèmi gun òkè lọ bá wọn. Mo wọ̀n ọ́n, mo gé e sí méjì, mo fún un ní ìdajì. Okùn tó gùn tó bẹ́ẹ̀ ò rọrùn fún mi láti rà padà, àmọ́ mo ti ṣe ìṣirò ohun tí àìgé e máa ná wa. Mo fi nọ́ọ̀tì kan àti òwú tín-ín-rín kan síwájú rẹ̀, òwú tí ọmọdé lè fi eyín já. Ó mú un. Ó fẹ́ so ó. Ó ta á ní kókó kan, ọwọ́ rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀ ó ta èkejì. Ó tú u. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún ta á ní méjì.

Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sínú báàgì lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wò ó títí, ó sì fi aṣọ sílẹ̀.

"Ẹ gbé e wá," ló wí. "Wọn kì í pe èmi ní Aránmátú."

Kókó kan ṣoṣo ló ta. Ó jù ú padà sí ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì ń ká aṣọ rẹ̀ lọ.

Sátidé, ojúmọ́ kò tíì mọ́ tán tí a fi dé etí omi. Ìwọ̀ kan ṣoṣo tó fi sápò lánàá ló kù. Aránmátú dúró síbi tí òpó iná àti irin ti tò léra, ó jù ú, ó fà á kó nà, ó ń dúró. Mò ń gbọ́ ìró inú rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí, ó ń kùn bí ẹ̀rọ tí epo ti tán nínú rẹ̀. Oòrùn yọ. Kò sí nǹkan kan. Oòrùn gòkè. Ó yí padà, ó wo ọ̀nà ilé, ó tún yí sí omi. Ó fà á wọlé, ó pààrọ̀ ìjẹ, ó tún jù ú.

Okùn sì le.

Ó ń fà á bọ̀ kíákíá bí mo ṣe kọ́ ọ. Ní ibi òkúta kejì, gbogbo rẹ̀ dúró gbagidi, bíi ti àná gẹ́lẹ́. Aránmátú dúró, kò lè fà, kò lè dẹ̀. Ẹkún ti bọ́ sójú rẹ̀.

"Lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́!" mo pariwo. "Fà á!"

Ó rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dijú, ó fà á. Mo rí i tí nǹkan já. Ó figbe ta: "Ó ti tú! Bàbá, ó ti tú, ó ti lọ!" Ó fẹ́ jókòó sílẹ̀. Ni ike bá fò ní ọwọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀tì nìkan ló lọ. Ẹja ṣì wà níbẹ̀, kò sì sí ohun tó dì í mú mọ́.

Ẹja tó fà gòkè gùn láti ìka rẹ̀ dé ìgúnpá. Aránmátú kò fi sínú nǹkan kan. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ àyà, ó ń sáré lọ sílé, ìwọ̀ ṣì wà lẹ́nu ẹja, okùn ń wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, èmi sì ń ká okùn náà tẹ̀lé e.

Ìyàwó rẹ̀ wà lórí àtẹ̀gùn, òun nìkan.

"Wọ́n ti lọ," ló wí. "Mo ní kí wọ́n dúró dè yín. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọkọ̀ kì í dúró de ìtàn."

A dé gáréèjì nígbà tí awakọ̀ ń ka orí èrò. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà létí fèrèsé, ó gbé báàgì lé itan. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aránmátú gbé ẹja sókè lójú fèrèsé, kò tíì lè mí dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wò ó."

Obìnrin náà wò ó. "Ẹja kan."

"Ẹja kan ni."

"Ọ̀la ńkọ́?"

"Màá pa òmíràn."

"Àbúrò mi ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi. Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń lọ, ojoojúmọ́ lẹ̀ ń fi ìwọ̀ ta omi lọ́rẹ."

"Ti òní ò sọ nù. Ìwọ̀ nìyí lẹ́nu rẹ̀. Okùn nìyẹn lọ́wọ́ Bàbá. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Obìnrin náà wò ó títí èrò ẹ̀yìn fi ń kùn. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ síta. "Ó dáa. Ẹ gbé e fún mi."

"Kí ni?"

"Ẹja náà. Bó bá dá yín lójú pé ẹ ó pa òmíràn, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe? Ẹ fún mi, kí n fi ọmọ sílẹ̀. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ gbé e lọ sílé, ẹ jẹ ẹ́, kí ọmọ máa bá mi lọ. Ẹ mú ọ̀kan."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìwà ìkà ni, mo sì ti ya ẹnu láti sọ ọ́. Ọkùnrin yìí kò jẹun láti àná. Awakọ̀ tẹ fèrè. "Ẹ̀yin èèyàn, ṣé ẹ̀ ń nájà ẹja nínú ọkọ̀ mi ni?"

Aránmátú yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja. Ó fi ọwọ́ nu ìwọ̀ náà mára ṣòkòtò, ó fi sápò. Ó wo ẹja. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó sì gbé ẹja wọlé láti ojú fèrèsé, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó bọ́ lé ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ lórí ìró, gbogbo rẹ̀ rin gbingbin.

Obìnrin náà kò mira. Ó ní, "Pẹ́lẹ́ńgẹ́, bọ́ sílẹ̀."

"Ṣé mo ti ń padà sílé ni, Mọ́mì Ńlá?"

"Bọ́ sílẹ̀ kí n tó yí ọkàn padà." Ó kọjú sí baba ọmọ. "Ìparí oṣù ni màá padà wá. Èmi fúnra mi ni màá ṣí ìkòkò yín. N kò ní bi ẹnikẹ́ni."

Ọkọ̀ lọ. Àwa mẹ́ta dúró nínú èéfín rẹ̀. Àyà ẹ̀wù Aránmátú kún fún ìpẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò sì mọ ibi tó máa wà. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbóòórùn ọwọ́ baba rẹ̀, ó ní ebi ń pa òun. Baba rẹ̀ ní òun mọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ pàdé wa lójú ọ̀nà, ó ń sáré bọ̀, kò wọ bàtà. Ó gbá ọmọ mú. Ó wò wá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹja ńkọ́?"

"Ó ti wọkọ̀ lọ," Aránmátú dáhùn.

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò pẹ́ tó fi di ẹkún. Ọkọ rẹ̀ kò dúró rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Omi ti ń fà sẹ́yìn ní àkókò yẹn. Ó gba okùn lọ́wọ́ mi, ó ń wé e mọ́ ike bó ṣe ń lọ, ó ti ń yà sí ọ̀nà etí òkun.